Ẹrù Ìwé Lójú Ọ̀nà Ajah

Nígbà tí olóòtú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa ní kí n kọ àròkọ lórí bí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìlera ṣe lè ru ẹrù ìwé tí a ń dì lé e lórí, ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín. Ìdí rẹ̀ ni pé mo fìdí rẹmi nínú ìdánwò ẹ̀yà ara ní ọdún kejì mi, gbogbo ẹgbẹ́ wa ni ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ro ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn, mo rí i pé ẹni tí ó ti yọ̀ ṣubú lójú ọ̀nà kan lè tọ́ka sí ibi tí ilẹ̀ ibẹ̀ gbé ń yọ̀. Ìyẹn ni mo ṣe gbà láti kọ ọ́. Kí ẹ̀yin olùkọ́ wa má ṣe bínú bí mo bá sọ ohun tí ẹ ti mọ̀.

Kí ẹni tí kò sí nínú iṣẹ́ yìí tó lè mọ bí ẹrù náà ti wúwo tó, ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ hàn yín. Egungun àgbàlagbà jẹ́ 206. Ọwọ́ kan ṣoṣo, láti ọrùn ọwọ́ dé orí ìka, ní 27 nínú rẹ̀, gbogbo wọn ni ó sì ní orúkọ, tí a kò sì gbọdọ̀ ṣi ọ̀kan pè fún èkejì. Iṣan ìmọ̀lára, èyí tí ń jẹ́ iṣẹ́ fún ọpọlọ, jáde láti inú ọpọlọ gan-an ní oríṣi 12 ní méjì-méjì, ó sì jáde láti inú ọ̀pá ẹ̀yìn ní oríṣi 31 ní méjì-méjì. Àwọn èròjà tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì ní nọ́ńbà láti 1 dé 13, ṣùgbọ́n bí ẹ bá kà wọ́n, 12 ni ẹ ó bá, nítorí pé kò sí ìkẹfà. Àwọn onímọ̀ ti yọ ọ́ kúrò. (Tíṣà wa kan fẹ́ràn láti fi ìkẹfà yìí dẹ pańpẹ́ fún wa.) Nǹkan wọ̀nyí kò tíì kan oògùn, kò tíì kan kòkòrò àìsàn, kò sì tíì kan aláìsàn fúnra rẹ̀. Èdè Látìn àti ti Gíríìkì ni ọ̀pọ̀ nínú orúkọ wọn, wọn kò sì jọ ohunkóhun tí a gbọ́ rí nínú ilé bàbá wa.

Ẹrù kejì ni ti ọ̀nà. Ilé ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni mo ń gbé ní Ajah, nítorí pé n kò rí ibùsùn nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́. Ẹja yíyan ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń tà nínú ọjà Ajah, owó ẹja náà ni a sì fi ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ mi. Ilé-ẹ̀kọ́ wa wà ní òdì kejì Afárá Third Mainland, afárá tí ó gùn tó nǹkan bí kìlómítà 11.8, tí wọ́n ṣí ní 1990. Kí ènìyàn tó dé orí afárá yẹn, ó ti kọ́kọ́ la títì Lekki sí Ẹ̀pẹ́ kọjá. Gbogbo ẹni tí ó bá ń gbé ní agbègbè náà ni ó mọ sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ tí ó wà níbẹ̀. Omi òkun ni ó wà ní gúúsù, ọ̀sà ni ó wà ní àríwá, ilẹ̀ tín-ínrín ni ó wà láàárín wọn, títì ńlá kan ṣoṣo ni gbogbo wa sì jọ ń tọ̀. Lóòótọ́, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ṣí afárá olókè sí oríta Ajah ní 2017, wọ́n sì ti ṣí afárá tí ó so Lekki pọ̀ mọ́ Ìkòyí ní 2013. Síbẹ̀, bí òjò bá rọ̀ ní òwúrọ̀, kí oníkálukú mú sùúrù ni. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mo ń jáde. Aago mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án alẹ́ ni mo ń wọlé. Ní ọjọ́ tí ọ̀nà bá burú, wákàtí márùn-ún ni ọkọ̀ ń gbà lọ́wọ́ mi nínú wákàtí 24.

Báyìí ni mo ṣe ń kàwé nígbà náà: bí mo bá ti wọlé, mo máa jẹun, mo máa jẹ obì gbànja kí oorun má bàa gbé mi lọ, mo máa ṣí ìwé, mo máa fi bírò aláwọ̀ ìyeyè kun orí gbogbo gbólóhùn tí ó bá ṣe pàtàkì. Nígbà tí ó bá yá, gbogbo ojú ewé ti di ìyeyè. Bí mo bá parí orí kan, mo máa padà kà á lẹ́ẹ̀kejì, mo máa kà á lẹ́ẹ̀kẹta, inú mi máa dùn pé mo ti mọ̀ ọ́n, nítorí pé ojú mi kò kọsẹ̀ mọ́. Títí di aago méjì òru ni mo ń ṣe èyí.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Ẹni tí ó bá ti ṣe irú ìdánwò yìí rí yóò mọ bí ó ti rí: tábìlì pọ̀ nínú yàrá, ẹ̀yà ara òkú tí a fi ń kọ́ ẹ̀kọ́ wà lórí tábìlì kọ̀ọ̀kan, wọ́n ti so okùn tàbí gún abẹ́rẹ́ mọ́ ibi tí wọ́n ń béèrè, aago ń dún, bí ó bá sì ti dún, o ní láti sún sí tábìlì tí ó kàn, ìbáà ṣe pé o ti kọ nǹkan sílẹ̀, ìbáà ṣe pé o kò tíì kọ. Mo dé iwájú apá kan. Wọ́n so okùn pupa mọ́ iṣan kan ní ẹ̀yìn egungun apá. Mo mọ iṣan náà! Mo mọ̀ pé apá òsì ojú ewé ni ó wà, lábẹ́ àwòrán, mo tilẹ̀ rántí pé epo kán sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò jáde. Aago dún. Báyìí ni ó ṣe rí ní tábìlì kejì, àti ní ìkẹta. Máàkì 43 ni mo gbà nínú 100, 50 sì ni ẹni tí yóò yege gbọ́dọ̀ ní. Wọ́n fún wa ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láti tún un ṣe. Bí mo bá tún ṣubú, mo mọ̀ pé n óò tún ọdún náà kà, owó ọdún kan mìíràn sì nìyẹn láti inú ẹja yíyan. N kò lè sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n ìyá mi fún odidi ọjọ́ mẹ́rin.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà wa, ìwé wà ní itan mi. Bàbá kan ń gbé ní ojúlé kejì sí tiwa, lójú ọ̀nà tí ó lọ sí Badore. Awo ni bàbá náà, ó sì ti dàgbà. Ó ti kọjá lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó dúró.

"Ìwé wo ni o ń kà tí o kò gbé sílẹ̀ láti àárọ̀?"

"Ìwé ẹ̀yà ara ni, Bàbá."

"Ó dára. Pa á dé, kí o sọ ohun tí o kà fún mi."

Mo pa á dé. Mo sọ gbólóhùn méjì, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi. Mo fẹ́ ṣí ìwé náà padà, Bàbá fi ọwọ́ dí i.

"Àwa kì í ka Ifá, ọmọ mi. A máa ń ki Ifá ni. Èyí tí o kà yìí, ojú rẹ ni ó mọ̀ ọ́n. Ẹnu rẹ kò tíì mọ̀ ọ́n."

Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé báwo ni wọ́n ṣe kọ́ ọ ní tirẹ̀. Ó ní ọ̀pẹ̀lẹ̀ ni òun fi kọ́kọ́ mọ ojú odù mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún, láti orí Èjì Ogbè títí dé Òfún Méjì, kí òun tó wá kan ọmọ odù 240 tí ó kù, èyí tí àpapọ̀ wọn fi jẹ́ 256. Lẹ́yìn náà ni ó kan ẹsẹ̀ Ifá, èyí tí kò lópin. Ó ní bí olúwo òun bá kọ́ òun ní ẹsẹ̀ kan ní alẹ́ òní, kò ní kọ́ òun ní òmíràn ní ọ̀la àfi bí òun bá kọ́kọ́ ki ti àná jáde láìsí ìrànlọ́wọ́. Bí òun bá ṣì í, wọn yóò padà síbẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ bá pọ̀ díẹ̀, olúwo yóò ṣàdédé béèrè èyí tí òun ti kọ́ ní oṣù tí ó kọjá. Ọdún mẹ́wàá ó lé ni òun fi ṣe é. Èmi tí mo ń ṣàròyé lórí ọdún mẹ́fà, mo dákẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣì mí gbọ́. N kò sọ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lọ dífá. Ọmọ ilé-kéwú tí ó mú wàláà lọ́wọ́ ní iwájú àfáà rẹ̀ ń ṣe ohun kan náà. Ohun tí mo ń sọ ni pé àwọn baba wa, tí wọn kò fi ìwé pa ẹrù ìmọ̀ mọ́, ní ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń rù ú sórí, àwa tí a rí ìwé sì ti gbàgbé ọ̀nà náà, a rò pé bí nǹkan bá ti wà nínú ìwé, ó ti wà nínú orí wa.

Nígbà tí mo wádìí ọ̀rọ̀ náà ní ilé-ìkàwé, mo rí i pé àwọn onímọ̀ ti dán an wò. Hermann Ebbinghaus, ọmọ Jámánì, ni ó kọ́kọ́ wọn ìgbàgbé bí ẹni wọn aṣọ, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1885. Ara rẹ̀ ni ó fi ṣe é. Ó kọ́ ọ̀rọ̀ tí kò ní ìtumọ̀ sórí, ó sì wo iye làálàá tí òun yóò tún ṣe láti kọ́ wọn padà. Láàárín wákàtí kan, ó ti sọ ju ìdajì èrè làálàá rẹ̀ nù. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kejì, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ni ó kù. Lẹ́yìn èyí, ìgbàgbé náà wá rọra ń lọ. Ìyẹn ni pé ọjọ́ kìíní gan-an ni olè ń jà jùlọ.

Èyí tí ó wọ̀ mí lára jù ni ti Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke ní Yunifásítì Washington, ìlú St. Louis ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n gbé jáde ní 2006. Wọ́n pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí ọ̀wọ́. Ọ̀wọ́ kan ka àyọkà kan ní ìjókòó mẹ́rin. Ọ̀wọ́ mìíràn kà á ní ìjókòó kan péré, ní ìjókòó mẹ́ta yòókù wọ́n kọ ohun tí wọ́n bá rántí sílẹ̀ láìwo ìwé. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tí ó kà á léraléra ni ó borí. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn akàwé rántí nǹkan bí 40 nínú 100, àwọn tí ó ń pè é jáde sì rántí nǹkan bí 61. Ẹ tún gbọ́ èyí: àwọn tí ó kà á léraléra ni ó dá ara wọn lójú jù pé àwọn yóò rántí rẹ̀. Èmi ni wọ́n ń bá wí níbẹ̀, èmi pẹ̀lú bírò ìyeyè mi.

Nítorí náà, mo gé páálí sí wẹ́wẹ́. Mo kọ ìbéèrè sí iwájú, mo kọ ìdáhùn sí ẹ̀yìn. Mo mú àpótí bàtà, mo pín inú rẹ̀ sí yàrá márùn-ún. Akọ̀ròyìn kan tí ń jẹ́ Sebastian Leitner ni ó fi ọgbọ́n àpótí yìí sínú ìwé tí ó kọ ní èdè Jámánì ní 1972. Ìbéèrè tuntun ń wọ yàrá kìíní, èyí tí mo ń yẹ̀ wò lójoojúmọ́. Èyí tí mo bá mọ̀ yóò lọ sí yàrá kejì, tí ó di ọjọ́ kẹta kí n tó tún béèrè rẹ̀. Yàrá kẹta di ọ̀sẹ̀ kan, ìkẹrin di ọ̀sẹ̀ méjì, ìkarùn-ún di oṣù kan. Èyí tí mo bá ṣì, ibi yòówù kí ó dé, yóò padà sí yàrá kìíní. Bí ti olúwo àti ọmọ awo ni ó rí. Ètò kan wà lórí fóònù tí ń jẹ́ Anki, tí ó jáde ní 2006, tí ó ń ṣe iṣẹ́ yìí fúnra rẹ̀, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn káàkiri ayé ni ó sì ń lò ó. Ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá na fóònù sí ojú fèrèsé dánfó nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ìdájí mọ ohun tí ó ń wá. Kò sí olè tí yóò já páálí gbà.

Ogún ìbéèrè tuntun ni mo fi mọ lójúmọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ odidi ìwé sórí páálí yóò darúgbó sídìí rẹ̀. Mo tún rí i pé bí mo bá fi ọjọ́ kan jẹ, ti ọjọ́ kejì á di ìlọ́po méjì, nítorí náà mo ń ṣe díẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú pàápàá kí a tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Wàyí o, ọ̀nà Ajah tí mo ń bú ni ó wá di yàrá ìkàwé mi. Nínú òkùnkùn ìdájí, ènìyàn kò lè rí páálí. Ọgbọ́n mìíràn ni mo lò níbẹ̀, ọgbọ́n tí àwọn ará Róòmù àtijọ́ mọ̀, tí Cicero sì kọ̀wé nípa rẹ̀: pé kí ènìyàn gbé ohun tí ó fẹ́ rántí kalẹ̀ sí ibi tí ó ti mọ̀ dáadáa, kí ó wá máa rìn kọjá níbẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀. Ibùdókọ̀ ni mo mọ̀ dáadáa. Iṣan ìmọ̀lára tí ń ṣiṣẹ́ fún apá, èyí tí a ń pè ní brachial plexus, ni ó sì bì mí ṣubú. Gbòǹgbò márùn-ún ni ó ní, ẹ̀ka ńlá márùn-ún ni ó sì parí sí. Mo gbé ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan sí ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ní VGC ni mo gbé musculocutaneous sí: èrò kan ń wọlé níbẹ̀, ó ká apá kò láti gbé ẹrù rẹ̀ sókè, iṣan yìí sì ni ó ń pàṣẹ fún ẹran apá tí ń ká igunpá. Ní Chevron ni axillary wà: ọmọ kọ́ńdọ̀ na apá sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti di irin ẹnu ọ̀nà mú, iṣẹ́ ẹran èjìká nìyẹn. Ní Àgùngì, ọkùnrin kan ti sùn lọ, ó fi apá kọ́ ẹ̀yìn ìjókòó. Bí ó bá pẹ́ níbẹ̀, yóò jí, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ yóò sì rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀, kò ní lè gbé e sókè, nítorí pé ó ti fún radial mọ́ egungun apá. Radial! Òun ni wọ́n so okùn pupa mọ́ lọ́jọ́ náà. Ní Jakande ni a ń san owó ọkọ̀: àtàǹpàkò kọjú sí ìka yòókù, ó ń ka náírà, median ni ó ń jẹ́ kí ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a bá sì fi dé Phase 1, ọkọ̀ ti kún àkúnya, igunpá mi á gbá irin fèrèsé, ìjíjó bíi ti iná mànàmáná á sáré dé ọmọ-ìka kékeré mi. Ulnar nìyẹn. Ẹnikẹ́ni tí igunpá rẹ̀ ti gbá nǹkan rí ti pàdé ulnar, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀.

N kò ní parọ́ pé ọgbọ́n yìí ń ṣe ohun gbogbo. Orúkọ àti ètò ni ó wà fún. Òye ọ̀rọ̀ kì í gbé ní ibùdókọ̀. Láti mọ ìdí tí kíndìnrín tí ó ń ṣàìsàn fi ń mú ìfúnpá ga, kò sí páálí tí yóò ṣe é. Àfi kí ènìyàn jókòó, kí ó fi ọwọ́ ya á, kí ó tọ okùn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Níbi tí èyí bá kàn, Yorùbá ni mo ń lò. Ní alẹ́, bí ẹ̀gbọ́n ìyá mi bá ń ṣa ẹja, èmi a máa ṣàlàyé ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà fún un.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀dọ̀ ni ó ń ṣe oje òróòro, àpò òróòro kàn ń tọ́jú rẹ̀ ni."

"Kí wá ni ojú ẹlòmíràn fi ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè?"

Ìbéèrè tí dókítà àgbà yóò bi mí gan-an nìyẹn. Bí mo bá fi èdè Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn, n óò fi ọ̀rọ̀ ńlá bo ohun tí n kò mọ̀ mọ́lẹ̀. Yorùbá kò gbà mí láyè bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé wa kò ṣàìmọ iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, tí ó sì hàn pé àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Mo ti ń gbọ́ nípa rẹ̀ nínú àpérò ẹgbẹ́ wa láti ọdún kìíní, mo ń pàtẹ́wọ́, n kò sì fi í ṣe nǹkan kan.

Ó ku ọ̀rọ̀ oorun. Èmi gan-an ni mo fọwọ́ ara mi ba ìyẹn jẹ́. Èròjà tí ó wà nínú obì, kaféènì, kì í tètè kúrò lára. Lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí márùn-ún, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀. Obì aago mẹ́wàá alẹ́ ń bá mi wọ aago mẹ́ta òru, aago mẹ́rin ààbọ̀ ni mo sì ń jáde. Ní 1924, Jenkins àti Dallenbach ní Yunifásítì Cornell kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní ọ̀rọ̀ aláìnítumọ̀. Wọ́n rí i pé bí wọ́n bá sùn lẹ́yìn ẹ̀kọ́, wọ́n ń rántí ju bí wọ́n bá lajú fún iye wákàtí kan náà. Mo pa obì alẹ́ tì. Aago mẹ́wàá, mo ti wà lórí ẹní. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ le, nítorí pé ojú ń tì mí pé àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ṣì ń kàwé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pé, aago tún ń dún nínú yàrá náà. Wọn kò so okùn mọ́ radial lọ́jọ́ yẹn. Ulnar ni, ní ẹ̀yìn igunpá, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Àwọn tábìlì kan wà tí n kò mọ̀ síbẹ̀. Máàkì 58 ni mo gbà. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi fi odidi ẹja kan ránṣẹ́ sí Bàbá Awo, n kò sì tíì sọ fún un ìdí tí mo fi ní kí ó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní báyìí tí a ti wọ ọdún tí a ń wo aláìsàn, oògùn ni ó gba orí mi. Títì ńlá ti kún, n kò fẹ́ kí oògùn gun iṣan lórí ní Chevron. Ọ̀nà Badore ni mo wá ń lò, èmi a máa fi ẹsẹ̀ rìn ín ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé. Ilé Bàbá ni ibùdókọ̀ kìíní. Oògùn ibà ni mo gbé síbẹ̀.